Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Kó Tó Pa Ẹ́ńjìnnì

Eruku ni Nereida kọ́kọ́ rí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ìbaaka méjì tí wọ́n ń fa píkọ́ọ̀pù funfun bọ̀. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ kún fún iyanrìn dé ìpéǹpéjú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìbaaka ló ń sá eré aṣálẹ̀ báyìí?" ni Nereida bi í.

"Wọn ò yára tó ni. Mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Bàbá mi lọ jẹun. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Fidencio lorúkọ rẹ̀, ọmọ darandaran ni. Ó ti so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì, kó lè máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó lágbára fún ìdíje aṣálẹ̀ tí yóò parí ní ìlú Ensenada. Nereida yọ tọ́bò náà wò. Ó ti gan. Òróró ẹ́ńjìnnì ti jóná mọ́ ọn bí ìdí ìkòkò ẹ̀wà.

"O sáré tán, o pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀?"

"Kí ni kí n máa dúró ṣe?"

"Kó lè tutù! Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Òróró ló ń tu tọ́bò lára. O pa ẹ́ńjìnnì, òróró dúró, ó sì jóná. Oníkánjú."

"Oníkánjú gbọ́. Ṣé màá rí ẹ lọ́la?"

Oṣù méjì ni wọ́n fi tún un ṣe. Nereida jó páìpù pọ̀, ó gbé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn sókè kí eruku má wọ̀ ọ́. Fidencio ń gbé tortilla gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, wá. Kò pẹ́, iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń mú un wá mọ́.

Nígbà tó ní òun fẹ́ mú àwọn òbí òun wá tọrọ Nereida, Don Eleuterio, bàbá rẹ̀, kò gbójú sókè nídìí iṣẹ́.

"Ẹni tí kò lè fún irin ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ni yóò fún ọmọ mi?"

Fidencio ṣí fìlà.

Lọ́jọ́ ìdíje, ipò kejì ló gbà wọ Ensenada. Èrò bò ó, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀: "Jáde wá, akọni!" Nereida dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, omi lójú, ó na ọwọ́ sí i.

Kò jáde. Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Ojú Nereida ló ń wò, ètè rẹ̀ sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá.

Don Eleuterio yọ aago. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ó dá a padà sápò.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin," ló wí. "Kí àwọn òbí ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Nereida ti gba abẹ́ okùn kọjá kó tó sọ ọ́ tán.

"Oníkánjú," ni Fidencio wí sí i létí.