Funfun Inú Kẹ́tùlù

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá Raheem ni Àsíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó kú. Kò tíì tú ẹrù tó gbé dé láti Àjọwá, níbi tó ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ wẹ ọmọ, tí Limota ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi já wọlé.

"Àsíá, ìyá Raheem ti lọ. Àná ni wọ́n sin wọ́n sí Ọ̀kà, kí oòrùn tó wọ̀. Ojú rẹ ni gbogbo èèyàn ń wá."

Àsíátù jókòó sórí àpò gààrí. "Raheem ńkọ́?"

Limota wolẹ̀. "Òun kò wá ọ. Ó ní ẹ ti dá òun lóhùn. Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n dá kẹ́tùlù rẹ̀ padà?"

Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Raheem ti ń tún ohun èlò oníná ṣe nítòsí ọjà Ìkàrẹ́ ni Àsíátù ti kọ́kọ́ rí i, ní ọdún tó kọjá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ọ̀bẹ ha irin inú kẹ́tùlù oníná tí Àsíátù gbé wá láti ilé bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja, èépá funfun sì ń já bọ́ sórí itan rẹ̀.

"Sìstá, ṣé tíì lẹ fi ń sè àbí ẹ fi ń po ẹfun?"

"Omi lásán ni. Bùrọ̀dá, ẹ tún un ṣe, ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀."

"Omi ẹ̀rọ àdúgbò yín ló le. Abẹ́ àpáta ni wọ́n ti ń fà á. Bí ẹ bá ti ń sè é, á máa fi èépá sílẹ̀, èépá náà ló jó irin yìí."

Àsíátù mọ omi náà. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, aṣọ tí wọ́n bá fi fọ̀ a sì máa gan bí awọ. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ohun tí omi náà bá bàjẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí kò sí èyí tó bàjẹ́ mọ́, ó gbé áyọ́ọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Raheem fi í síná, ó wò ó. "Àsíá, ara eléyìí le."

"Ara tèmi ni kò le."

Raheem rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó wá fi ara rẹ̀ han ìyá Àsíátù, kẹ́tùlù tuntun ló gbé wá. Opó ni ìyá náà, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù sílé pẹ̀lú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn náà, gbogbo ilé sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọ̀nà ti ṣí. Bí wọ́n bá dá irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni kò ní í la ẹnu.

Èépá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ nínú kẹ́tùlù tuntun náà. Raheem kọ́ Àsíátù pé kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Òwúrọ̀ tó ń lọ sí Àjọwá, ó gé ọsàn náà sí omi inú rẹ̀ kó lè jẹ èépá kúrò. Bí awakọ̀ ti fọn fèrè, ó sáré jáde, kò sọ fún ẹnì kankan.

Ìyá rẹ̀ kírun tán, ó ṣí kẹ́tùlù láti se tíì. Ọsàn gígé léfòó, omi ń ru, nǹkan funfun ń ṣí lára irin. Kò gbọ́ ọ rí pé omi lè di òkúta. Ohun tó ti gbọ́ rí ni pé àwọn ọkùnrin kan ń fi oògùn di ọkàn ọmọbìnrin. Ó fi aṣọ di kẹ́tùlù náà, ó ní kí Tìjání, àbúrò ọkọ rẹ̀, gbé e lọ fún àwọn òbí Raheem ní Ọ̀kà, kó sì sọ fún wọn pé ọmọ wọn fi oògùn sí i.

"Ìyá, èmi ni mo gé ọsàn náà sí i," ni Àsíátù wí pẹ̀lú ẹkún, nígbà tí Limota lọ tán tí ìyá rẹ̀ sọ ohun tó rí fún un. Ó bu omi ẹ̀rọ sínú ìkòkò ìyá rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó sè é títí ó fi gbẹ. Funfun kù nísàlẹ̀. Ìyá fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò.

"Omi wa ni," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

"Ká bẹ ta ni? Obìnrin tí mo pe ọmọ rẹ̀ ní olóògùn ti wà nínú ilẹ̀. Mi ò lè gbé ojú yìí gun òkè Ọ̀kà. Ìwọ náà kò gbọdọ̀ lọ. Jẹ́ kó parí síbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Àsíátù lọ. Ọyẹ́ bo orí òkè, àwọn ilé kò hàn dáadáa. Raheem jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

"Ẹ kú àṣẹ̀hìndè."

"A dúpẹ́," ni Raheem wí, bí ẹni ń dá àlejò lóhùn.

Àsíátù kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni ìyá mi gbé kẹ́tùlù yẹn sí. Wọ́n bi mí pé, 'Raheem, kí lo fi sí i?' Mo búra. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́ kí wọ́n tó kú."

"Èmi ni mo fà á."

"Omi ló fà á." Kò tíì wo ojú rẹ̀. "Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá kò ní ẹlòmíì. Obìnrin tó bá fẹ́ mi, ilé yìí ló máa gbé, àwọn aládùúgbò á sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Padà sílé, Àsíá. Ìwọ nìkan ni ìyá rẹ ní nílé."

Àsíátù fi ìborùn nu ojú. "Ìyá mi á bínú. Màá máa lọ tọ́jú wọn, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́, Raheem. Ìwọ ni màá fẹ́, ilé yìí ni màá sì gbé."