Ohun Tí Ọ̀gá Búrẹ́dì Jẹ

Ní ṣíbí kẹta, bàbá Àbíkẹ́yìn dáwọ́ dúró. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Mo ti yó."

Àbíkẹ́yìn wo inú abọ́. Ẹ̀wà tó fi odidi wákàtí kan sè, tó lọ̀, tó tún fi asẹ́ jọ̀, ó kù síbẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ṣíbí tíì sì ni bàbá fi ń jẹ ẹ́ o, kì í ṣe ṣíbí ìjẹun! Ṣé bàbá tó máa ń fi ẹyin mẹ́fà jẹ odidi búrẹ́dì kan, tí yóò nu ẹnu, tí yóò tún ní, "Kí la wá fẹ́ jẹ báyìí?", òun náà nìyí?

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹyọ kan péré sí i."

"Bí mo bá gba ẹyọ kan sí i, gbogbo rẹ̀ á padà jáde. Gbé e kúrò níwájú mi."

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí ọmọ náà ti ń rí i, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń yà á lẹ́nu.

Gbogbo àdúgbò ló mọ bàbá rẹ̀ sí Ọ̀gá Búrẹ́dì. Ènìyàn gbàgìdì ni. Bó bá jókòó sórí àga, àga á ké kó tó gbà. Ṣùgbọ́n ara ńlá kọ́ ni ìlera. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, nígbà tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì níwájú ààrò, tí èémí fẹ́ pin lẹ́nu rẹ̀, àwọn dókítà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Wọ́n gé ikùn rẹ̀ kù. Èyí tí wọ́n ṣẹ́ kù fún un kò tóbi ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá Àbíkẹ́yìn ti gba iṣẹ́ búrẹ́dì ṣe: òun ló ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń dáná sí ààrò, òun náà ló ń wa ọkọ̀ lọ pín in fún àwọn oníbàárà. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gba iṣẹ́ oúnjẹ bàbá ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ti bá wọn sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò ní ilé ìwòsàn. "Wákàtí méjì péré ni iṣẹ́ abẹ gbà," ló wí. "Oúnjẹ jíjẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an." Ó ní ohun olómi ni fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohun lílọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí omi pẹ̀lú oúnjẹ. Tó bá ti jẹun tán, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mu omi. Bí àyà bá ti fún un pẹ́nrẹ́n, kó dáwọ́ dúró. Ẹ má sì fún un ní búrẹ́dì títí oṣù kẹta yóò fi pé.

Ọ̀gá Búrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ojú rírán ikùn fi ń dùn ún. "Nọ́ọ̀sì, búrẹ́dì tèmi? Ó rọ̀ ju òwú lọ! Ọmọ tí kò tíì léyín ń jẹ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí tó rọ̀ yẹn gan-an ni mò ń sọ."

Kò sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀ nínú wọn. Ta ló máa wá kọ́ alábúrẹ́dì ní ọ̀rọ̀ búrẹ́dì?

Bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn di ilé ẹ̀wà lílọ̀. Ṣòkòtò Ọ̀gá Búrẹ́dì di ohun tí wọ́n ń fi okùn so. Àwọn tó ń wá kí i á wo ojú rẹ̀, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Àgbà, kò tilẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́ra. Bó ti wọlé ló kígbe.

"Yéè! Àbúrò mi nìyí? Ẹ̀yin ara ilé yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi ebi pa á ni?"

"Àǹtí, ohun tí ilé ìwòsàn ní ká ṣe ni," Àbíkẹ́yìn dáhùn.

"Ilé ìwòsàn wo? Ìwọ ọmọ kékeré yìí lo wá ń fi ṣíbí tíì díwọ̀n oúnjẹ fún bàbá tó bí ọ! Ọ̀rọ̀ yín yà mí lẹ́nu o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àbíkẹ́yìn lára. Ó ṣe é bíi pé lóòótọ́, ọmọ burúkú ni òun.

Ohun kan tún wà. Kí Ọ̀gá Búrẹ́dì tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, búrẹ́dì kan kì í kúrò nílé kó má kọ́kọ́ bu àkọ́yọ wò. Bó bá ti ti inú ààrò jáde, á ya á sí méjì pẹ̀lú ooru rẹ̀, á jẹ inú rẹ̀, á sì sọ ohun tó kù sí i. Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ní báyìí tí kò sí ẹni tó ń tọ́ ọ wò, àwọn oníbàárà ti ń kùn pé búrẹ́dì ọ̀hún ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ìyá ti gbé ọkọ̀ jáde. Ọ̀gá Búrẹ́dì tọ́ka sí búrẹ́dì gbígbóná tó wà lórí tábìlì. "Bu díẹ̀ fún mi nínú ìyẹn kí n tọ́ ọ wò."

"Bàámi! Ẹ ò rántí ohun tí nọ́ọ̀sì wí?"

"Tọ́ ọ wò ni mo ní, mi ò ní mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ikùn ni wọ́n gé, wọn ò gé ahọ́n mi."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè ṣe é."

Bàbá rẹ̀ ò bínú. Ìbá sàn ká ní ó bínú. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó pẹ́ kó tó yé Àbíkẹ́yìn pé ẹkún ni bàbá òun ń sun. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni bàbá ń wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mọ iṣẹ́ kan. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Àbíkẹ́yìn yọ èèpo búrẹ́dì kúrò, ó sì bu inú rẹ̀ tó rọ̀ jù lọ, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bàbá jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. "Iyọ̀ ò pé! Sọ fún ìyá rẹ pé kó fi kún un, kó sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun wú dáadáa kó tó kó o sínú ààrò." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló gbé e mì.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n dúró. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé o rí i?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ o."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọjọ́ kejì, ó di orí àtàǹpàkò méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó di odidi ègé kan. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yin búrẹ́dì, bàbá ń ṣe ẹ̀fẹ̀, inú ìyá dùn láìmọ ohun tó fà á. Àbíkẹ́yìn náà fọkàn balẹ̀. Ó tilẹ̀ ń rò ó pé nọ́ọ̀sì yẹn kàn fẹ́ràn àṣejù ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní ẹ̀kọ́ àfikún nílé ìwé ní aago mẹ́rin. Ẹ̀wà ò tíì jinná, aago ń sáré. Ó ya búrẹ́dì kékeré kan sí méjì, ó gbé ìlàjì rẹ̀ fún bàbá, ó sì wọlé lọ wọ aṣọ ilé ìwé. Kò tíì di bọ́tìnnì rẹ̀ tán tó gbọ́ tí ife fọ́ nílẹ̀.

Ó sáré jáde. Bàbá rẹ̀ wà lórí ìdúró, ó di tábìlì mú, ojú rẹ̀ ràn kankan. Itọ́ funfun tó ń hó bí ọṣẹ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣùrù, kò dáwọ́ dúró. Ó fẹ́ bì, kò rí i bì. Ó fẹ́ gbé e mì, kò lọ. Búrẹ́dì ti há sí i láyà, ó sì ti gbé omi mu kó lè tì í lọ sílẹ̀. Omi yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

"Bàámi! Yéè, Bàámi!"

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ò já geere. Ọkọ̀ búrẹ́dì dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ́ Ọ̀gá Búrẹ́dì sáàárín àwọn àpótí òfìfo. Ní gbogbo ọ̀nà ni ìyá ń béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣe é?" Àbíkẹ́yìn ń sunkún ṣáá.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gbé e sórí ibùsùn onítáyà. Dókítà obìnrin kan fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, Ọ̀gá Búrẹ́dì sì kérora. Dókítà bojú wo Àbíkẹ́yìn. "Ìwọ lo ń fún un lóúnjẹ? Kí ló jẹ kẹ́yìn?"

Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mi orí fún un: má sọ. Ìyá rẹ̀ dúró lápá kejì, ó ń wò ó.

"Ẹ̀wà," ló wí. "Ẹ̀wà lílọ̀ ni, mà."

"Kò jẹ ohun mìíràn mọ́ ọn?"

"Rárá, mà."

Ojú dókítà yí padà. "Ẹ̀wà lílọ̀ ò lè ṣe ènìyàn báyìí. A jẹ́ pé ojú rírán ti tú nínú nìyẹn. Ẹ̀rọ tí à bá fi ya àwòrán inú ikùn ti bàjẹ́ láti àárọ̀, a ò sì lè dúró. Ẹ múra yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. A máa tún ikùn yẹn là."

Gbogbo nǹkan yára lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mú ìwé wá, ìyá fọwọ́ sí i. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù Ọ̀gá Búrẹ́dì. Àbíkẹ́yìn fa aṣọ nọ́ọ̀sì kan. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ó máa jí padà?"

"Ara rẹ̀ ò tíì bọ́ nínú ti àkọ́kọ́," nọ́ọ̀sì náà dáhùn. "Ká máa gbàdúrà, ọmọ mi."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Irọ́ ọ̀rọ̀ kan péré, òun ló ń ti bàbá rẹ̀ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ! Wọ́n ti ń ti ibùsùn náà wọ ẹnu ọ̀nà kejì. Ó sá tẹ̀ lé wọn, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò wẹ̀yìn.

"Búrẹ́dì ni! Dókítà, búrẹ́dì ló jẹ! Ó sì mu omi lé e! Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fún un!"

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà yí padà. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ pátá, látorí ti àtàǹpàkò dórí ìlàjì búrẹ́dì. Dókítà ò bá a wí. Ó kàn ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ tì, kí wọ́n gbé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó níná lẹ́nu wá. Láti ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n gbé e wọlé lọ yọ búrẹ́dì náà, wọn ò gé ikùn rárá.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì tó ń rí sí oúnjẹ gbé àwo pẹlẹbẹ kan jáde. Ohun funfun kan wà nínú rẹ̀, ó ki, ó ń fà. Ìyá tẹjú mọ́ ọn. Kò sí ọjọ́ tí kò fọwọ́ kan irú rẹ̀.

"Ìyẹ̀fun pípò nìyí!" ó kígbe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Búrẹ́dì rírọ̀ tó bá bá omi pàdé nínú ikùn kékeré, ìyẹ̀fun pípò ló ń padà dà. Ó sì dí ẹnu ọ̀nà pa."

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn. Àwọn tó ń fi ìyẹ̀fun àti omi jẹun látọdúnmọ́dún, àwọn ni kò ronú kan èyí! Ìtìjú bo àwọn méjèèjì.

Ojú rírán ò tú. Ikùn rẹ̀ ò bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá Búrẹ́dì lajú, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní kí Àbíkẹ́yìn sún mọ́ òun.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó wí. "Èmi tí mo jẹ́ àgbà, èmi ni mo wọ́ orí tìrẹ. Mo ní kí o bá mi purọ́, mo sì rí i pé ó fẹ́ pa mí. Dárí jì mí."

"Bàámi, èmi náà ni mo bù ú fún yín."

"O bù ú. Ṣùgbọ́n o tún sọ ọ́. Ìyẹn ni mo ṣe wà láàyè."

Ìyá na ìwé kan sí ọmọ rẹ̀, èyí tí nọ́ọ̀sì gbé wá pé kí ìyá fagi lé. "Kà á sí mi létí," ló wí.

Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ ni. Ní ìlà kẹrin, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, mo mọ̀ pé aláìsàn yìí lè kú lórí iṣẹ́ abẹ náà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti kọ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà kan gun orí èkejì. Kò lè kà á tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹni tó lè bá Àbíkẹ́yìn jà pé ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ yẹn ló fi bu búrẹ́dì, ìfẹ́ yẹn náà ló sì fi purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn aláìsàn, ohun tí yóò mú un sàn ni yóò fún un, kì í ṣe ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Bí ó bá sì ti ṣàṣìṣe, kó yára sọ òótọ́ fún oníṣègùn, nítorí òótọ́ tí Àbíkẹ́yìn sọ lọ́jọ́ náà, ká ní ó pẹ́ sí i ní ìṣẹ́jú méjì, wọn ì bá ti la ikùn bàbá rẹ̀ lásán.