Wọ́n Wá Gba Ohùn Ayọ̀

"Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ o."

"Àwọn wo, Àǹtí?"

"Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn. Wọ́n ní wọn ò tilẹ̀ ní fi tipátipá... Wọ́n ní ẹnì kan ni wọ́n máa rán, ọmọkùnrin kan báyìí, tó jẹ́ pé bó bá ti rẹ́rìn-ín sí ọmọbìnrin pẹ́nrẹ́n..."

"Ẹ parí ẹ̀."

"Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn. Wọ́n ṣáà ní ẹ̀rín ni wọ́n máa fi gbà á."

Àǹtí Oníbọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n bàbá Ọmọ Onírédíò, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ọmọbìnrin náà kò gbójú kúrò lára fóònù tó ń fi òjé lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín ni wọ́n ń kó bọ̀, òun náà ní eyín lẹ́nu.

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ilé. Orúkọ ni. Kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin yìí ni bàbá rẹ̀ ti ń tún rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló sì sọ ibẹ̀ ní Ohùn Ayọ̀. Nígbà tí fóònù gbòde, ọmọ kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù gba àdírẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń wò ó bóyá fóònù wọn ti jí. Ibẹ̀ ni àwọn ará ọ̀nà jíjìn ti ń rí wọn. Ẹni tó bá gba àdírẹ́ẹ̀sì yẹn lọ́wọ́ wọn, ó ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ wọn nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò jẹ́ orúkọ yìí tẹ́lẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tòun ti tábìlì kan àti fóònù méjì, tí àwọn èèyàn ń tò níwájú wọn láti pe ará ilé. Àfi bí eré. Wọ́n ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, wọ́n ri ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ kékeré kan mì, wọ́n tún gbé òmíràn mì, wọn ò sì fi omi tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n tóbi tán, wọ́n ní orúkọ àtijọ́ ti fún àwọn mọ́ra, ni wọ́n bá sọ ara wọn ní Ohùn Ayọ̀. Wọ́n kùn ún sára ògiri, sára mọ́tò, sára agbòjò. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bá onílé nílé.

Òjò ọ̀sán ló gbé ọmọkùnrin náà wọlé. Ọmọ Onírédíò kọ́kọ́ rí bàtà méjì tó kún fún omi, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú gòkè, gòkè, kò sì tètè dé orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ga bí òpó. Ìjì ti yí agbòjò Ohùn Ayọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sódì bí òdòdó tó là jù. Omi ń kán ní imú rẹ̀, ó ń kán ní etí rẹ̀, fóònù ọwọ́ rẹ̀ náà ń kán.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ti kú."

Ó gbà á, ó mì ín sétí. "Kò kú. Ó mumi yó ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Háà, ọ̀rọ̀ Àǹtí! Ẹ̀rín náà dé lóòótọ́, tòun ti eyín iwájú kan tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ìkejì ń sọ. Irin gbígbóná ọwọ́ ọmọbìnrin jó o níka.

"Èmi ni agbẹjọ́rò tí wọ́n rán sí yín," ló wí, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi jí fóònù yìí ná, ká tó máa jà."

Onírédíò, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, dáhùn láti ẹ̀yìn tábìlì: "A ò tà."

Ó lọ, ó tún padà wá. Fóònù jí, ó ní kò jí tán. Ó jí tán, ó ní ṣájà rẹ̀ ò múná. Nígbà tó yá, ó gbé rédíò ìyá rẹ̀ dé, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ketekete.

"Kí ló ṣe eléyìí?"

"Ó ń pariwo jù."

"Ẹ yí i wálẹ̀."

"Ẹ wò ó, ẹ mọṣẹ́ yín gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pè mí ní 'ẹ'. Mi ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò dàgbà, àmọ́ ẹ ga."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin ti ń pè é ní Òpó. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí "o" sì di "olólùfẹ́ mi". Wọ́n á jọ rìn dé oríta nínú òjò, ọkùnrin á gbé agbòjò sókè réré, òjò á máa na obìnrin nísàlẹ̀.

"Òpó, ṣé àwọn ẹyẹ lo gbé e fún ni?"

"Má bínú, ìfẹ́ mi. Sún mọ́ mi, kò ní pa ọ́ mọ́."

"Ọgbọ́n tó o dá nìyẹn, àbí?"

Lọ́jọ́ kan Òpó bi í léèrè, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le: "Ní tòótọ́, kí lo máa gbà, kó o fi àdírẹ́ẹ̀sì yẹn sílẹ̀ fún wa?"

"Gbogbo òpó yín," ni ọmọbìnrin dáhùn. "Àti ìwọ náà. Òpó ṣáà ni ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà dé ọ́fíìsì. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohunkóhun tí ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ bá sọ, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọ̀gá. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ẹ̀fẹ̀ náà bó ṣe rí, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò síjà láàárín àwọn. Ayọ̀ a máa fọ́ ọlọ́gbọ́n lójú. Àwọn ọ̀gá kà á, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ni ìwé ẹ̀sùn bá dé. Wọ́n ti gbé ṣọ́ọ̀bù lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá di orúkọ mú nítorí kó lè tà á fún olówó, ìgbìmọ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí wọn nìyí: ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù náà ti fẹnu ara rẹ̀ bèèrè fún gbogbo òpó ilé-iṣẹ́.

Ó kà á, ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣeré lábẹ́ agbòjò ló dúró sórí ìwé yẹn bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Òpó sáré dé. "Ìfẹ́ mi, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ" yẹn gún un ju ọ̀bẹ lọ. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ di ẹ̀rí."

"Èmi bá yín ṣeré. Ẹ̀yin kó eré mi lọ fún ọ̀gá yín."

"Mo wí i!" Àǹtí ti dé ẹnu ọ̀nà. "Mo ní ẹ̀rín ni wọ́n máa fi..."

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi," ni Onírédíò wí. Ó wá kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Máa lọ, ọmọ."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Ọmọ Onírédíò ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn mọ̀ pé ojú Òpó ni kò fẹ́ rí. Bàbá rẹ̀ gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, tí oòrùn ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀, há abíyá, ó sì dá lọ.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé wò. Ó fi ẹ̀yìn fóònù kan dé òmíràn. Ó bínú sí Òpó, ó sì ń ṣàárò rẹ̀, kò mọ èyí tó ń dun òun jù.

"Wọ́n ní wọ́n ti dá ẹjọ́ náà," ni Àǹtí wí, "wọ́n ní ọmọ yẹn jẹ́rìí pé..."

"Ta ló ní, Àǹtí?"

"Wọ́n ṣáà ní."

Bàbá wọlé. Ó gbé pátákó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó jókòó, ó mu omi tán. "Wọ́n ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Orúkọ ṣì jẹ́ tiwa."

Àǹtí fò sókè, bọ́tìnnì orí itan rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. "Yéè! Ta ló ṣe é?"

"Ọmọ yẹn dìde."

"Kí ló sọ?" ni Ọmọ Onírédíò bèèrè.

"Ó sọ̀rọ̀."

"Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Onírédíò tún ọ̀fun ṣe. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì bù kúrò nínú rẹ̀. "Ó ní, 'Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀fẹ̀ sì ni. Wọn ò sọ fún mi rí pé àwọn fẹ́ tà. Ọmọbìnrin náà ní kí n kó gbogbo òpó wá, kí n fi ara mi kún un. Mi ò láṣẹ lórí òpó. Ara mi ni mo lè fún un, mo sì ti fún un tipẹ́.'"

Ọmọ Onírédíò gbé irin gbígbóná sílẹ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn?"

"Níwájú ọ̀gá pátápátá ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Ó ní kí wọ́n wá àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn, ayé fẹ̀."

"Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun alára ló bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò lè bá àwọn tó ń fi ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹ̀rí ṣiṣẹ́ mọ́." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ó wà níta. Ó ní òun ò ní wọlé àfi bó o bá pe òun."

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Ọmọ Onírédíò rántí wọ̀. Ó fò kọjá pátákó, ó fò kọjá bọ́tìnnì, ó di òde.

Nígbà tí wọ́n jọ wọlé, ọwọ́ wà nínú ọwọ́, Òpó sì tẹ orí ba kó má baà gbá àtẹ́rígbà. Ojú àwọn méjèèjì tutù fún omijé, ẹ̀rín sì kún un.

"Kí ló wí?" ni Àǹtí ké. "Kí lo wí? Ẹ má jẹ́ n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn!"

"Sọ ọ́ bó ṣe rí, ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Ojú tì í, ó wo ilẹ̀, ó wo Òpó, ó sì gbórí sókè.

"Ó ní, 'Mo ṣẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ṣé wàá fẹ́ mi?' Mo ní, 'Ó ti pẹ́ tí mo ti dáhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ.'"