Akọ̀wé Kékeré Kò Yí Déètì

"Ogúnjọ́ oṣù tó kọjá ni kó o kọ sí i," ni ọ̀gá wí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ìka ọmọbìnrin náà dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama ni, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n sì gbà á fún ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ yìí. Akọ̀wé Kékeré ni gbogbo wọn ń pè é. Lẹ́tà tó ń tẹ̀ ni ọ̀gá fẹ́ fi lé Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín lọ, obìnrin tó ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òní ti di ọjọ́ kẹjọ oṣù tuntun."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yìí ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní a ò gbọdọ̀ torí oyún lé ẹnikẹ́ni mọ́. Bí lẹ́tà bá ti ṣáájú òfin, kí ni òfin fẹ́ fi wá ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣe é dáadáa, n ó gbà ẹ́ síṣẹ́ pátápátá."

Akọ̀wé Kékeré rántí ilé wọn. Láti ọdún tó kọjá ni bàbá rẹ̀ ti ń wá iṣẹ́ kiri. Bó bá yí déètì, ta ni yóò mọ̀? Ó wo ojú fèrèsé, ó rí Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, tó ń fọwọ́ kan tẹ ẹ̀yìn, tó ń fi èkejì ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ó tẹ lẹ́tà náà tán. Ọjọ́ kẹjọ ló kọ sí i.

"Ṣé etí ẹ di ni?"

"Rárá sà. Ẹ má bínú, mi ò lè purọ́."

"Ó dáa. Gbé báàgì ẹ, kó o máa lọ!"

Ẹnu géètì ló ti ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù nígbà tí Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín jáde bọ̀ tòun ti lẹ́tà lọ́wọ́. Ọ̀gá ti tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀: ogúnjọ́. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni ìyá rẹ̀ wí látinú fóònù. "Ìwọ àti àǹtí ẹ, ẹ gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ nísinsìnyí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan láti ọ́fíìsì náà tẹ̀ lé wọn wọ ilé-iṣẹ́. Kò pariwo. Ó kan ní kí wọ́n gbé ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀ wá.

"Ọ̀gá, ẹ ní ogúnjọ́ lẹ ti dá aboyún yìí dúró. Ta wá ló ń fọwọ́ síwèé yìí títí di àná? Ṣé iwin ló ń bá yín rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ni?"

Àwọn aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo ọ̀gá.

"Òfin yìí kan náà," ni obìnrin náà tún wí, "ló ní ẹ ò gbọdọ̀ lé ẹni tó bá kọ̀ láti bá yín rú u."

Ọ̀gá fa lẹ́tà ya lójú gbogbo wọn, ó sì bẹ aboyún àti Akọ̀wé Kékeré pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, àtẹ́wọ́ sì gba ilé kan. Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín gbá Akọ̀wé Kékeré mọ́ra, ẹ̀rín rẹ̀ ń dún dé ojú títì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tó bá ní ká kọ́kọ́ ta òtítọ́ kò gbà wá síṣẹ́, ó rà wá ni. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.