Fídíò Tí Àlùfáà Sàlíhù Kò Fẹ́ Rí

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ní ìlú Tamale lórílẹ̀-èdè Ghana, lọ́dún 1993. Sàfúrátù ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó fẹ́ gbéra láti àdúgbò wọn, Choggu, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín, nígbà tí bàbá rẹ̀, Àlùfáà Sàlíhù, bọ́ síwájú alùpùpù rẹ̀, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ mú.

"Wọ́n ní fídíò lẹ ń wò níbẹ̀. Ṣé fíìmù Íńdíà ni mo ní kí o lọ kọ́? Wallahi, o ò lọ mọ́!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, eyín la ń wò nínú rẹ̀. Ẹ wá fojú ara yín rí i. Kí wọ́n sì bá yín wo ẹnu yín."

Eyín kan tó lu ihò ti ń da Àlùfáà láàmú láti ìgbà ààwẹ̀. Dípò kó lọ sílé ìwòsàn, omi bátìrì ọkọ̀ ni baba wa ń fi òwú tẹ̀ bọ inú ihò rẹ̀, torí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Omi tó ń jẹ irin, ẹnu ni yóò wá ṣàánú! Ó ti bó o ní èrìgì.

Àlùfáà bá a lọ, àmọ́ kó lè mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì, ẹnu ńlá kan ló bá lójú tẹlifíṣọ̀n, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà Mumuni, olùkọ́ wọn, dá fídíò náà dúró, ó yí i padà, ó tún fi hàn wọ́n.

"Bàbá, tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń yọ eyín, ẹ̀yìn mi ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rí. Ní báyìí, gbogbo wọn ló ń rí ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Wọ́n á wá fi ẹnu oníke dánra wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan èèyàn."

Eyín ta Àlùfáà pì. "Tò, ta ló máa yọ tèmi?"

"Sàfúrátù, bí ẹ bá gbà. Mo dúró tì í."

Sàfúrátù fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Ó fi àtàǹpàkò wá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bó ṣe rí i nínú fídíò, ó gún abẹ́rẹ́, ó dúró títí ètè bàbá rẹ̀ fi kú tipiri.

"Bẹ̀rẹ̀ nígbà náà," ni Àlùfáà wí.

"Bàbá, eyín ti wà nínú àwo."

"Haba!" Ẹ̀rín bẹ́ ní kíláàsì. Inú Sàfúrátù dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ká ní ẹ tètè wá ni," Dókítà sọ fún Àlùfáà, "à bá ti dí ihò náà, eyín yín ì bá sì wà níbẹ̀. Èrìgì tí omi bátìrì jó yìí yóò pẹ́ kó tó san."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ní mọ́ṣáláṣí, Àlùfáà la ẹnu, ó fi ojú egbò náà han àwọn èèyàn rẹ̀. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe èyí. Ọmọ tí mo fẹ́ yọ nílé ìwé ló gbà mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, omi bátìrì kì í ṣe oògùn eyín. Bí eyín bá ti ń ta yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ yín láìdáa, ẹ dé ibẹ̀ wò ó kí ẹ tó dá a dúró.