Bíríkìlà Lọ Ra Iyẹ̀pẹ̀ Ata

Bí ẹ bá ti gbélé rí pẹ̀lú ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí ojú obìnrin aránṣọ yìí rí. Ọkọ rẹ̀ ń ti tábìlì sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì. Ó ní àwòrán ara ògiri wọ́. Ó ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò dúró ṣánṣán. Kí aránṣọ tó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, ó ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò sì sí ohun gidi kan tó fẹ́ bá a sọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bíríkìlà ni ọkùnrin náà. Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí ògiri tó wọ́ tí ojú rẹ̀ lè gbà. Àmọ́ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ó já bọ́ láti orí àkàbà, ó fi ìbàdí ṣèṣe. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Ọkùnrin tó ń fi èjìká kan ru àpò sìmẹ́ńtì wá di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, tó sì ń ṣẹ́rí padà.

Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn ló pe aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ wá iṣẹ́ kékeré fún ọwọ́ Bàbá. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀ jù, ẹsẹ̀ náà ò ní fẹ́ rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin nǹkan síta."

Bí ọ̀rọ̀ ata ṣe dé nìyẹn. Aránṣọ wá ìkòkò mẹ́sàn-án jọ, ó ra ọmọ ata mẹ́sàn-án. Ó ku iyẹ̀pẹ̀, torí kọnkéré ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé wọn, àfi kòtò kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn méjèèjì jọ rọra rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀gbìn, ní ìkángun àdúgbò.

Oríṣiríṣi àpò iyẹ̀pẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní àwòrán ìkòkò lára. Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò wo àwòrán, kò ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò.

"Gbé èyí wò," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Aránṣọ gbé e sókè wẹ́rẹ́.

"Gbé e sílẹ̀ jàre! Tó o bá lè gbé e báyẹn, kí ló wà nínú ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni wọ́n dì sínú àpò. Gbé ìyẹn náà wò."

Aránṣọ di ìkejì mú. Ó fà á, ó tún fà á. Àpò kò mira.

"Ẹ̀hẹn! Èyí lọjà. Owó ẹ̀ ò sì tó ti ìyẹn. Ọlọ́run ló kó wa yọ."

Lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àléébù o. Àpò sìmẹ́ńtì tó bá fúyẹ́, ẹnì kan ti bù nínú ẹ̀. Ó lé lógún ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń fọwọ́ wọn ọjà, ọwọ́ yẹn kò sì tàn án jẹ rí. Ta wá ni aránṣọ tí yóò máa bá ọ̀gá jiyàn?

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá wọn kó àpò mélòó kan wálé. Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì jókòó sórí àpótí, ó da iyẹ̀pẹ̀ sínú ìkòkò, ó bu omi sí i, ó fi igi kì í mọ́lẹ̀. Ó da òmíràn lé e, ó tún kì í. Nígbà tó kún, ó fi ṣíbí tó fi ń rẹ́lé rẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó wá gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e lórí kó lè rí i pé ó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló fi igi lu ihò sí i, ó gbin ọmọ ata kan sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ ń súfèé, kò sì tíì gbọ́ ìyẹn láti ọjọ́ tó ti já bọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ewé ìsàlẹ̀ ata ti di pupa rúsúrúsú. Omi tó bá bù sí i á dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ bí omi inú abọ́. Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, ló bá tún bu omi sí i.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó wọlé, ó jáde. Ó jókòó, ó dìde. Kò ì jẹun àárọ̀ tán tó ti tún lọ wo ata. Ara aránṣọ náà kò balẹ̀. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan sí òdìkejì, ó tú u, ó sì tún rán an sí òdìkejì. Ọmọ ata kìíní kú lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, mẹ́fà ti lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò jáde. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ ò ní wo ata yín lónìí?" Aránṣọ bi í.

"Ata wo? Ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí mo fọwọ́ kàn mọ́ tí kì í kú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Fi mí sílẹ̀."

Ẹ̀rù ba aránṣọ gidigidi. Kì í ṣe nítorí ata o, ata wà lọ́jà. Ọkọ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá torí ata gbà pé òun ò wúlò mọ́, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ló bá gbèrò ẹ̀tàn. Ó ní òun á ra ọmọ ata mìíràn, òun á rọra fi pààrọ̀ àwọn òkú yẹn kí ọkọ òun tó jáde. Ó sáré lọ bá obìnrin kan tó ń bójú tó ọgbà ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan. Àǹtí Ọ̀gbìn ni gbogbo èèyàn ń pè é.

"Ẹ bá mi mú ọmọ ata mẹ́fà, Àǹtí, kíákíá."

"Ṣé ẹ gbin òmíràn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti kú."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Ẹ ṣáà tà á fún mi, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mi ò tà," Àǹtí Ọ̀gbìn dáhùn, ó ti ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Ohun tó pa ti àná á pa tòní. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo itẹ́ òkú yẹn ná."

Aránṣọ bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbà. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, Àǹtí Ọ̀gbìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ojú iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò tí ata rẹ̀ kọ́kọ́ kú, tí oòrùn ti pa gbẹ. Ó dún kò, kò, kò.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì pariwo láti inú yàrá. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, ó wọ́ ọ̀pá jáde wá wò ó fúnra rẹ̀.

Bó ṣe yọ ni Àǹtí Ọ̀gbìn da ìkòkò dojú dé. Iyẹ̀pẹ̀ náà bọ́ sílẹ̀ gbì, odidi, kò fọ́. Ọmọ ata tó kú sì dúró lórí ẹ̀. Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì tẹ̀ síwájú, ó wò ó yíká.

"Ó dì dáadáa," ó sọ bẹ́ẹ̀ kó tó mọ̀. "Tá a bá fi irú èyí mọ odi, kò lè là."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," Àǹtí Ọ̀gbìn fèsì. "Ṣé ilé lẹ wá ń kọ́ fún ata ni?"

Aránṣọ rò pé ọkọ òun á bínú wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo ìyàwó rẹ̀, ó wo obìnrin àlejò, ó wo bulọ́ọ̀kù ilẹ̀ yẹn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó di ìbàdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ké pé ìbàdí ń dun òun.

"Bàbá," Àǹtí Ọ̀gbìn ní nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, "ẹ ti gbẹ́ kòtò tí omi ilé ìwẹ̀ ń fà sí rí?"

"Kò lóǹkà."

"Kí lẹ máa ń dà sísàlẹ̀ ẹ̀?"

"Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Kí omi lè ráyè kọjá."

"Tẹ́ ẹ bá wá da amọ̀ sí i, tẹ́ ẹ tún fi igi kì í ńkọ́?"

"Háà! Omi ò ní lọ mọ́. Á kún padà wá bá onílé ni." Ó wo ìkòkò mẹ́sàn-án náà. "Àṣé omi ni mo fi pa wọ́n."

"Omi ni. Gbòǹgbò ata ń mí bí èèyàn." Àǹtí Ọ̀gbìn mú ọ̀kan nínú àpò òfìfo tó wà nílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. "Ẹ wá kà á. Iyẹ̀pẹ̀ dídí kòtò àti títẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín ò purọ́."

"Àwa la ò kà á," aránṣọ jẹ́wọ́.

"Ìyẹn ló sì wúwo jù," ọkọ rẹ̀ ní.

"Amọ̀ àti yanrìn ló wà nínú ẹ̀, báwo ni ò ṣe ní wúwo? Ìgbà mìíràn, òjò ló rọ̀ sí àpò níta. Ẹni tó rà á, ó ra omi. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìkòkò máa ń fúyẹ́ ni, torí èèpo igi àti ewé jíjẹrà ló wà nínú ẹ̀."

"Àmọ́ ó wọ́n jù, Àǹtí," aránṣọ sọ. "A ò lágbára ẹ̀ fún ìkòkò mẹ́sàn-án."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ra ti mẹ́sàn-án? Ẹ ra àpò kan, kẹ́ ẹ gbin mẹ́ta tó ṣì wà láàyè yìí ná. Ẹ má sì ra èyí tó wọ́n jù. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ìkòkò sí lára. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbìn sí, owó ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ á kàn tu ilẹ̀ yín, ẹ á po àpò ajílẹ̀ kan tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àpò náà kò tàn wá jẹ?" Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bèèrè. Ó ti jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀.

"Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ fún un pọ̀. Ó yẹ kó dì mọ́ra, kó sì tú ká tẹ́ ẹ bá fìka tọ́ ọ. Tó bá dì pa bí èyí, amọ̀ ti pọ̀ jù. Tó bá ń ṣàn lọ, yanrìn ni. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ náà. Tó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹ gbà á. Tó bá ń ta yín nímú, kò tíì jẹrà tán, á jó gbòǹgbò."

"Mo gbọ́."

"Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti tú àpò o. Ẹ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, torí eruku inú ẹ̀ ò dáa fún àyà. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Èyí tẹ́ ẹ ti rà, ẹ má dà á nù. Ẹ ò rí kòtò ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn?"

"Ó ti pẹ́ tí kòtò yẹn ti ń bí mi nínú," Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ní.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ra àpò kan tó fúyẹ́, wọ́n sì tún ata mẹ́ta tó kù gbìn sínú rẹ̀. Ọwọ́ ń yún Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kó fi igi kì í, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti gbé igi náà pa mọ́. Ó kàn fọwọ́ gbọn ìkòkò díẹ̀. Omi tó bù sí i wọlẹ̀ ṣìn-ìn, ó yọ nísàlẹ̀. Fún ọjọ́ méjìlá, àwọn méjèèjì kò sinmi, wọ́n ń yẹ ewé wò bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ewé tuntun yọ lórí ọ̀kan.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí i, aránṣọ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò rí ọkọ rẹ̀. Kò sí ní yàrá, kò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pá rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Yéè! Ìbàdí yẹn! Aránṣọ kò dúró wọ bàtà. Ó sáré já sí títì, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń bi gbogbo èèyàn pé ṣé wọ́n rí ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn.

Ìta ṣọ́ọ̀bù nǹkan ọ̀gbìn ló ti bá a. Ó dá rìn débẹ̀. Awakọ̀ kan gbé àpò wúwo lé èjìká, Ọ̀gá Lẹ́fẹ́ẹ̀lì sì fi ọ̀pá dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Kí lo fẹ́ gbìn?"

"Tòmáàtì ni, Bàbá."

"Inú ìkòkò ni àbí orí ilẹ̀?"

"Inú ìkòkò."

"Yí ẹ̀yìn àpò yẹn síta. Kà á sókè, kí èmi náà gbọ́."

Awakọ̀ kà á, ó sì sọ àpò náà kalẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́yìn wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, kò sì tijú. Ọkọ rẹ̀ yíjú, ó rí i.

"Kí lo wá ṣe níbí? Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ?"

"Mo ń wá yín ni."

"Kí lò ń wá mi sí? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìbéèrè méjì yẹn ni kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò kankan: kí ni mo fẹ́ gbìn, níbo ni mo fẹ́ gbìn ín sí? Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ ra ẹyọ kan dán wò kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́. Bí owó bá sì kéré, orí ilẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí bí ẹ bá ní ilẹ̀, ajílẹ̀ díẹ̀ á tó o. Bó bá wá jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni ẹ fẹ́ fún ní nǹkan gbìn, ẹ tún yẹ iyẹ̀pẹ̀ yẹn wò dáadáa, torí gbogbo ewé tó bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi.