Bàbá Tó Sunkún Kó Tó Lé Ọmọ

Ìyá ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Bùọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó ti máa ń ṣe. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n pa á.

"Àbúrò mi dà?"

"Ó wà nínú yàrá, ó ń ka iṣẹ́ ọ̀la," ni Ìyá wí.

Iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe nìyí: bí wọ́n bá gbé fíìmù wá láti òkèèrè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi èdè wa sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì rinlẹ̀, nítorí náà gbogbo bàbá, gbogbo ọba àti gbogbo adájọ́ inú fíìmù, òun ni. Olóhùn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

Olóhùn jáde wá, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jókòó.

"Mo ti rí ibi tí wọ́n á ti wo ọmọbìnrin rẹ yìí sàn," ni Bùọ̀dá Àgbà wí. "Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́. Sátidé ni mò ń bọ̀ wá mú un."

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Dè é mọ́lẹ̀ kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Ìyàwó, ìwọ lo bà á jẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé obìnrin bíi tiẹ̀ ló ń fẹ́. Mo bi í, kò tiẹ̀ sẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àbúrò mi. Bí kò bá bá mi lọ, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àbí kí lo wí?"

Olóhùn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló ṣe gíláàsì náà. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ló ti ń ṣiṣẹ́; á máa lọ dígí títí yóò fi bá ojú ẹni tó ni ín mu.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni Olóhùn wí níkẹyìn. "Màá bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó bá yín lọ, tàbí kó filé sílẹ̀."

Ìyá yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná, bẹ́ẹ̀ aṣọ ṣì kù nílẹ̀.

Fíìmù ìfẹ́ ni Olóhùn ní lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà. Bíríkìlà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, àti atukọ̀ kan tí òun náà jẹ́ ọkùnrin, fẹ́ràn ara wọn. Ará ìlú gbọ́, wọ́n fàbínú yọ. Bàbá bíríkìlà lé e jáde nílé. Níbi tó ti ń sá fún àwọn tó fẹ́ lù ú pa, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìjì ń jà, ọkọ̀ dojú dé. Atukọ̀ ló gbé òkú rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wọn á rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ títí dé òpin. Rárá o. Bí àyè bá ṣe yọ ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, òpin fíìmù ni Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, kọ́kọ́ gbé jáde. Nítorí náà, ẹkún ló ṣáájú.

Nínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, Olóhùn dúró, ó ń wo bàbá inú fíìmù. Bàbá náà kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà tútù kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó wá rọra tò ó sẹ́nu ọ̀nà bí ìgbà tí ọmọ ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́.

"Dìde," ni Olóhùn fi sí i lẹ́nu. "Oúnjẹ rẹ wà nílẹ̀." Ó sì sunkún.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbà á. Ẹlẹ́rọ nu imú. "Ẹ ti pa wá lónìí, Bàbá. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ lé e."

Ó yí fíìmù padà sí ibi tí bàbá ti lé ọmọ. Ẹnu bàbá inú fíìmù ṣí. Olóhùn kò sọ nǹkan kan.

"Ẹnu rẹ̀ ti ṣí, Bàbá, ohùn yín ni ò jáde."

Wọ́n dá a padà. Ó dé "Má jẹ̀ẹ́ kí n," ó tún dúró.

"Ẹ mu omi," ni Ẹlẹ́rọ wí. "Ẹni tó dájọ́ ikú fún odidi ìlú lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló wá lé, ó di ìṣòro."

"Bàtà ọmọ yẹn ṣì wà lójú mi," ni Olóhùn wí. "Mo ti mọ ibi tó máa já sí."

Obìnrin tó ń ṣe ohùn ìyá bíríkìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ fíìmù. Ó yọ íápíìsì létí, ó tẹ̀ lé Olóhùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ni ẹ fẹ́ lé, Bàbá?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí Sátidé.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. "Wọ́n máa ń gbé àwọn èèyàn wá sọ́dọ̀ wa láti irú ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ yẹn. Èmi ni mò ń wẹ egbò okùn ọrùn ọwọ́ wọn. Mi ò tíì rí èyí tí okùn yí ọkàn rẹ̀ padà. Mo ti rí èyí tó gbé májèlé mu. Àwọn tí òbí lé síta, ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣèlérí ibi ìsùn ni wọ́n ń kó sí."

"Ṣé kò wá sí ìwòsàn fún un ni?"

"Àìsàn kọ́, Bàbá. Mo mọ ibà, mo mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ọkàn ọmọ yín yàn kò sí lára ohun tí à ń fi oògùn wò. Ẹni tó bá ní òun á wò ó sàn ń tàn yín jẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ikú ta ni? Ẹni tó ń pa òwe yẹn, mi ò rí i kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i."

Olóhùn wolẹ̀. "Mi ò lóye ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, Nọ́ọ̀sì. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Kò dìgbà tí ẹ bá lóye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó sùn nílé. Níbí, ẹ sunkún kẹ́ ẹ tó lé ọmọ. Nílé yín, lílé ló máa ṣáájú. Ẹlẹ́rọ ò sì ní sí níbẹ̀ láti dá a padà."

Olóhùn padà wọlé. Ó sọ gbólóhùn náà, ó mú bí abẹ. "Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ọ nílé yìí mọ́. Mi ò bí ọ." Ó wá jókòó, ó ní òun kò ní sọ ọ́ mọ́ láyé òun.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ Jímọ̀, àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í.

"Ìyá sọ fún mi," ni ọmọ náà wí. "Mo ti dẹrù, Bàbá. Ohùn yín máa ń dé òpópónà kejì, mi ò fẹ́ kí gbogbo àdúgbò bá mi gbọ́ ọ."

"Gbé àpò yẹn padà sí yàrá."

Ọmọ náà fọwọ́ mú àpò náà.

"Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ sí ọ̀rọ̀ rẹ," ni Olóhùn wí. "Ó lè pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé rẹ nìyí, kò sẹ́ni tó máa dè ọ́ mọ́lẹ̀." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Èyí ń yọ̀ nímú mi. Bá mi wò ó."

Ọmọ náà gbà á, ó wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọwọ́ kan lẹ fi ń bọ́ ọ. Mo ti ní kẹ́ ẹ yéé ṣe bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Bùọ̀dá Àgbà dé tòun ti ọkùnrin méjì tó sanra. Olóhùn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Àwọn tẹ́ ẹ mú wá, kí wọ́n máa lọ."

"Ṣé o fẹ́ sọ wá di ẹni ẹ̀sín ni?"

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀sín. A ó jọ gbé e. Ikú ni mi ò lè gbé." Kò pariwo, síbẹ̀ ó dé òpópónà kejì. "Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọmọ mi, agbẹjọ́rò ni yóò bá wa dá sí i."

Bùọ̀dá Àgbà kẹ̀yìn sí wọn, òun àtàwọn ọkùnrin náà lọ. Kò tíì tún wá títí di òní. Àwọn aládùúgbò kan kò kí Olóhùn mọ́. Ó ń dùn ún, kò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, Ìyá àti ọmọ lọ wò ó. Olóhùn kò bá wọn lọ. Ó ní òun ti rí òpin rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kan ilé yín, ẹ má fìbínú dáhùn lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má fi ọmọ lé ẹni tó ní òun á fi okùn, ààwẹ̀ ipá tàbí pàṣán wò ó sàn lọ́wọ́. Àìsàn kọ́, ìyà lásán ni. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹ bá rí èrò tó ń péjọ lé ẹnì kan lórí, ẹ má bá wọn dúró. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, kí ẹ sì wá ẹni tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ń fi àṣírí yín halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún àgbà kan tí ẹ fọkàn tán. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ síta ti fi ọwọ́ méjèèjì lé e.

Bí ọ̀rọ̀ lílé ọmọ bá sì dé etí ètè yín, ẹ kọ́kọ́ wo bàtà ọmọ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tò ó síbẹ̀.